Bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń yan irú ìpè fídíò tó yẹ àlejò olùbánisọ̀rọ̀

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo bá fẹ́ kí dókítà tàbí ẹnjiníà tó ń gbé ní òkè òkun bá àwọn ọmọ kíláàsì kan sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ohun tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ jíròrò ni bóyá Zoom ni àwọn yóò lò tàbí Google Meet. Ó yẹ kí ìbéèrè mìíràn ṣáájú ìyẹn: ọ̀nà wo ni ohùn ọmọ tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn yóò gbà dé etí àlejò? Ọ̀rọ̀ tí àlejò fẹ́ sọ ṣeé gbà sílẹ̀ kí ó sì fi ránṣẹ́ láti ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó máa sọ sí ọmọ lọ́kàn bí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ kò ṣeé dáhùn ṣáájú.

Irú ìpè méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ìpàdé, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè tan kámẹ́rà àti máìkì rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn rí i, kí wọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Nínú webinar, àlejò àti àwọn tó ń darí ètò nìkan ni a ń rí. Àwọn yòókù ń wò, wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń tẹ ìbéèrè wọn ránṣẹ́ kí olùdarí tó ṣà wọ́n kà. Bí ogún ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ gbọ́ ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, webinar ló lè dènà rúdurùdu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni Zoom ń gbà fún un. Fún kíláàsì kan ṣoṣo, kò yẹ rárá, torí pé ó ń sọ àwọn ọmọ di òǹwòran níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa béèrè ọ̀rọ̀.

Zoom máa ń dá ìpàdé ọ̀fẹ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40. Google Meet ń fún ìpè ọ̀fẹ́ tó bá ní ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú 60, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ méjì péré ló wà lórí ìpè, ó lè tó wákàtí 24. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í fiyè sí ni pé ẹ̀rọ tó wọlé ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀. Kíláàsì ọlọ́mọ 45 tó yí láptọ́ọ̀pù kan ká, ẹyọ kan ṣoṣo ni lójú ìpè náà. Bí àlejò bá di ẹyọ kejì, ìpè ẹ̀rọ méjì ni lórí Google Meet, ìṣẹ́jú 60 kò sì dè wọ́n mọ́.

Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo yìí ni ó bá ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mu jù, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ni wọ́n ṣe máìkì rẹ̀ fún, nítorí náà ohùn ọmọ tó wà lẹ́yìn máa ń dé ọ̀dọ̀ àlejò bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ariwo fáànù. Ohun tó ń yanjú rẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀: kí wọ́n gbé àga kan síwájú láptọ́ọ̀pù, kí ọmọ tó bá ní ìbéèrè wá jókòó síbẹ̀, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, kí ó tó béèrè. Àlejò á rí ojú rẹ̀ dáadáa, ọmọ náà á sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń dá lóhùn.

Bí olùkọ́ bá tún fi fóònù rẹ̀ wọ inú ìpè kan náà kí ó lè máa fi gbogbo kíláàsì han àlejò, ariwo adinilétí lè bẹ̀rẹ̀. Ètò inú láptọ́ọ̀pù mọ ohùn tí sípíkà tirẹ̀ ń gbé jáde, ó sì ń yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí máìkì rẹ̀ gbọ́. Kò mọ ohùn tó ń ti ara fóònù jáde. Ohùn náà á wọ máìkì, á gba orí nẹ́tíwọ̀kì lọ, á tún padà jáde lára fóònù, á sì máa pọ̀ sí i. Pípa máìkì fóònù nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ pa ohùn tó ń ti sípíkà rẹ̀ jáde náà pátápátá.

Ní ti dátà, ohun tí Zoom fúnra rẹ̀ sọ ni pé fídíò tó mọ́ láàárín ẹni méjì nílò nǹkan bí 600 kbps (ìwọ̀n bí dátà ṣe ń yára tó), nígbà tí ohùn lásán nílò 60 sí 80. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kámẹ́rà ni a kọ́kọ́ ń pa bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń falẹ̀, tí a ó sì dá ohùn sí. Níní síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn nítòsí dára, àmọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà ló dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí, ètò alápá méjì ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù: kí àlejò gba ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀, kí ilé ẹ̀kọ́ ti gbé e sórí láptọ́ọ̀pù láti àná, kí a sì fi gbogbo ìpè gan-an sílẹ̀ fún ìbéèrè.

Ètò yìí tún ń yanjú ìṣòro agogo tí kò dọ́gba láàárín orílẹ̀-èdè. Nàìjíríà kì í yí agogo padà, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù máa ń bá a dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì máa ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn nígbà òtútù. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Òṣogbo jẹ́ aago márùn-ún tàbí mẹ́rin ìdájí ní New York. Àlejò tó wà lọ́hùn-ún lè gba ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá rọrùn fún un, kí ó sì wá fún ìbéèrè nìkan ní aago kan ọ̀sán ti ilé ẹ̀kọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ni kó ṣí ìpè náà, kì í ṣe àlejò, kí ó lè lo yàrá ìdúró, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ ti ń dúró kí wọ́n tó gbà á wọlé, láti yẹ ẹni tó fẹ́ wọlé wò. Ní ọdún 2020, àwọn àjèjì já wọ kíláàsì orí Zoom nítorí líǹkì tí wọ́n fi síta gbangba. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ìpè náà sílẹ̀, kí wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ṣe béèrè lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní wákàtí kan náà, kí olùkọ́ pe àlejò nínú kíláàsì yẹn gan-an, kí àwọn ọmọ wà níbẹ̀, kí fáànù máa yí, kí ọmọ kan sì jókòó sórí àga iwájú láptọ́ọ̀pù kí ó sọ orúkọ rẹ̀.