Ikùn Ènìyàn Kì í Ṣe Bidon

Àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti àbúrò mi kọ́kọ́ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Kétu lọ sí Sábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin wa níbí, bàbá àgbà kan tó ń gbé nítòsí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, pè wá wọlé, ó sì bu omi kún igbá fún àbúrò mi.

"Mu ún tán, ọmọ mi. Omi tí o bá mu yó nílé ni yóò gbé ọ dé ibi tí ò ń lọ."

Ó mu ún. Bàbá tún bu igbá kejì, ó mu ìyẹn náà.

"Bàbá, ẹ ṣeun, mo ti yó o."

Kí a tó rìn wákàtí méjì, ó ti yà sínú igbó lẹ́ẹ̀mẹrin láti tọ̀. Nígbà tí oòrùn wá mú, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ bíi ti ẹni tí kò mu nǹkan kan láti àná. Bidon onílítà kan péré ló gbé (ohun tí ẹ̀yin ará Èkó ń pè ní kẹ́ẹ̀gì), nítorí ó gbà pé omi ti wà níkùn òun. Zémíjàn (ọ̀kadà tiwa) ló gbé wa padà sí Kétu.

Mi ò bínú sí bàbá náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dọ̀ wa ló gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Bí o bá ní o ò gbà, wọ́n á ní ràkúnmí ńkọ́, tó ń tọ́jú omi sínú iké? Ọ̀rá ló wà nínú iké ràkúnmí. Lóòótọ́, ó lè mu ju 100 lítà lọ ní ìdúró kan, ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ ni wọ́n dá bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, bí omi bá ti lé nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ dànù, ó sì lè sẹ́ tó lítà kan ní wákàtí kan. Igbá méjì tí àbúrò mi mu, inú igbó ló dà á sí. Kò burú kí èèyàn mu ife kan tàbí méjì kó tó gbéra, àmọ́ ìyẹn kò lè rọ́pò omi tó yẹ kó gbé dání.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́ èyí tán, tí wọ́n wá ń fipá mu omi ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀. Ìyẹn léwu ju ti bàbá lọ. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 tó sá eré márátọ́ọ̀nù wò. Nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ ti lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yìí ló sì wúwo nígbà tí wọ́n parí eré ju ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ: omi ló kún wọn. Orí á máa fọ́ ẹni tó bá ṣe, èébì á máa gbé e, ọkàn rẹ̀ á dàrú, ọwọ́ rẹ̀ lè wú. Àwọn tó yí i ká á rò pé òùngbẹ ni, wọ́n á tún bu omi fún un! Bí ẹni tó ti ń mu omi ṣáá bá ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, ẹ gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí a tún fẹ́ lọ, a kọ́kọ́ jókòó ṣètò ìrìn náà. Bí a bá fi okùn wọ̀n ọ́n gbọọrọ lórí àwòrán ilẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 75 ló wà láàárín Kétu àti Sábẹ̀. Ẹsẹ̀ á rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. A pín in sí ọjọ́ mẹ́rin. A wá bi àwọn oní-zémíjàn léèrè, kì í ṣe ibi tí kànga wà, bí kò ṣe kànga tó lómi nínú lásìkò yẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, àwọn odò kéékèèké sì ti gbẹ.

Ẹni tó ń rìn nínú oòrùn wa lè làágùn ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan. Nígbà ọyẹ́, kò tiẹ̀ ní í mọ̀, torí afẹ́fẹ́ ti gbẹ òógùn náà kó tó hàn lára. Bí kànga tó kàn bá jìn tó kìlómítà 10, wákàtí méjì àbọ̀ ni fún ẹni tó di ẹrù. Lítà méjì ni mò ń bù, kí ìdajì rẹ̀ kan lè ṣẹ́kù bí a bá bá pọ́ǹpù níbi tó ti bàjẹ́. N kì í bù jù bẹ́ẹ̀ lọ: lítà kan, kílò kan ni, ẹrù tó wúwo náà á sì mú èèyàn làágùn sí i. Bí òùngbẹ bá gbẹ mí, mo mu díẹ̀. Ẹ̀pà oníyọ̀ wà lápò mi, omi kànga sì ní láti hó dáadáa lórí iná kí a tó rọ ọ́ sínú bidon.

Aago márùn-ún ìdájí la ń gbéra. Aago mẹ́wàá, a ti wà lábẹ́ igi, a ò sì dìde títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ti bàtà kò gùn: èyí tó ti mọ ẹsẹ̀ rẹ ni kí o wọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn òkè Sábẹ̀ yọ níwájú wa. Omi tó ṣẹ́kù nínú bidon mi kò tó ìdajì lítà, ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àbúrò mi ní òun ò mu un. Ẹsẹ̀ la fi fọ̀.