Ẹnu tí wọ́n ń yá fún ọjà ọdún: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ̀ pé tó bá ti ń di bí oṣù kẹsàn-án báyìí, àwọn influencer, ìyẹn àwọn tí èrò ń tẹ̀ lé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tá a ń sanwó fún kí wọ́n polówó ọjà, á ti máa dá iye owó tuntun fún yín, iye tí wọ́n gbà lóṣù karùn-ún kọ́ ni wọ́n máa gbà ní Disẹ́ńbà, tẹ́ ẹ bá sì pariwo wọ́n á ní "ọdún ti dé, mà". Ọ̀pọ̀ rò pé Instagram ló bí gbogbo eléyìí. Irọ́ ni o. 2010 ni Instagram dáyé, iṣẹ́ yìí sì ti lé ní 250 ọdún.

Mi ò sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ìpolówó. Alágbàdo ti ń ké "láńgbé jinná o" kí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́njú, olóòólẹ̀ náà ń pariwo pé tòun gbóná felífelí, àwọn àgbà ló sì ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n ẹnu ara ẹni nìyẹn, ọlọ́jà ló ń yin ọjà ara ẹ̀, ta ló máa sọ pé ọbẹ̀ òun ò dùn? Èyí tí mò ń sọ ni kéèyàn lọ yá ẹnu ẹlòmíì, ẹnu ẹni tí ayé ń wò, kó sì mú ọjọ́ tí ẹnu yẹn máa sọ̀rọ̀.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé àtijọ́, amọ̀kòkò ni. Josiah Wedgwood lorúkọ ẹ̀, ará Burslem, ní Staffordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1765, Ayaba Charlotte tó jẹ́ ìyàwó ọba George Kẹta ní kó bá òun ṣe àwo àti ife tíì. Ó ṣe é, ó gbé e lọ, ṣùgbọ́n kò gbowó kó wá jókòó o, ńṣe ló tọrọ àyè láti máa pe irú àwo yẹn ní Queen's Ware, àwo Ayaba, wọ́n sì gbà fún un. Amọ̀ kan náà ni o, ẹbu kan náà, àmọ́ gbogbo ìyáàfin tó lówó lọ́wọ́ ló wá ń fẹ́ ohun tí ayaba fi ń mu tíì. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ Bentley ní 1767, ó ń ro ó lọ́kàn ara ẹ̀ pé èló nínú òkìkí àwo yìí ló wá láti ọ̀nà tóun gbà gbé e jáde, èló ló sì jẹ́ ti ẹwà àti ìwúlò àwo náà gan-an. Ìbéèrè yẹn kan náà làwa náà ń bi ara wa tí fídíò bá wọ igba ẹgbẹ̀rún view tí ọjà ò sì tà.

Kò dúró síbẹ̀. Ayaba Catherine ti Rọ́ṣíà ní kó ṣe àwo fún òun, ó tó 952, ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé kékeré kan sì wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Kí Wedgwood tó kó o sọ́kọ̀ ní 1774, ó tò ó kalẹ̀ ná sí sọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Greek Street ní London, ó ní káwọn èèyàn ńlá wá wò ó. Ẹ sọ fún mi, kí ló yàtọ̀ sí kéèyàn tú páálí níwájú kámẹ́rà?

Nígbà tó di àwọn 1880 sí iwájú, òṣèré Lillie Langtry ń gbowó lọ́wọ́ ọṣẹ Pears láti sọ pé ọṣẹ yẹn lòun fi ń wẹ̀. Ẹnu yíyá nìyẹn náà, àmọ́ kò tíì sí ọ̀rọ̀ ọdún níbẹ̀.

Amẹ́ríkà ló mú ọdún wọ inú ẹ̀. Ìṣòro Coca-Cola ni pé téèyàn bá ti ń gbọ̀n fún òtútù, ta ló fẹ́ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù? Ní 1931 wọ́n wá gbéṣẹ́ fún Haddon Sundblom tó jẹ́ ayàwòrán pé kó ya Bàbá Kérésì tó ń mu ún, ọdọọdún ló sì ń ya tuntun fún wọn títí di 1964. (Ẹ má gba ẹni tó bá ní Coca-Cola ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ láṣọ pupa o, aṣọ yẹn ti wà tẹ́lẹ̀.) Ẹ wo ọgbọ́n, influencer tí kì í béèrè owó, tí kò sí ẹni tó lè ká a mọ́ inú ìjà lórí Twitter, tí gbogbo ọmọdé sì gbà gbọ́.

Ọjọ́ wá ku. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn Thanksgiving, ìyẹn ọdún ìdúpẹ́ wọn, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ọjà Kérésì, Tọ́sìdeè tó kẹ́yìn nínú Nófẹ́ńbà ni wọ́n sì ń ṣe é nígbà yẹn. Ní 1939, ó bọ́ sí 30. Àwọn ọlọ́jà ní ọjọ́ tó kù ò tó fún àwọn, wọ́n lọ bá Ààrẹ Roosevelt, òun náà sì gbé e wá sí 23. Ìjà dé! Àwọn ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé e, àwọn kan ní láéláé, bí ìdílé kan ṣe ń jẹ tòlótòló tiwọn báyìí, aládùúgbò wọn ń lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tó di 1941 ni ilé aṣòfin wá fi sí Tọ́sìdeè kẹrin. Tí àǹtí kan bá tún sọ fún yín pé kò sí ohun tó kan òun kan kàlẹ́ńdà, ẹ sọ fún wọn pé ààrẹ odindi orílẹ̀-èdè ti sún ọjọ́ ọdún torí ọjà rí.

Black Friday fúnra ẹ̀, orúkọ èébú ni. Àwọn ọlọ́pàá Philadelphia ló ń fi pe Fúráìdeè tó tẹ̀ lé Thanksgiving, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ àti èrò tí kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Àwọn ọlọ́jà gbìyànjú láti yí i sí Big Friday ní 1961, kò mú. Ìtàn pé ọjọ́ yẹn ni ìwé ọlọ́jà ń kúrò ní pupa bọ́ sí dúdú, ìyẹn láti àdánù sí èrè, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó hun ún.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ní 2006 PayPerPost bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn tó ní blog kí wọ́n kọ nípa ọjà, àwọn òǹkàwé ò sì mọ̀ pé owó ti wọlé. Ní 2009 FTC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ní Amẹ́ríkà, ní ẹni tó bá gbowó gbọ́dọ̀ sọ.

Ṣáínà ló wá sọ ọ́ di nǹkan míì. Alibaba, ilé iṣẹ́ ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ọjà 11.11, ìyẹn ọjọ́ 11 oṣù 11, ní 2009 pẹ̀lú sọ́ọ̀bù 27, àwọn ení mẹ́rin tó dúró dúró yẹn ni wọ́n fi ń pe ọjọ́ àwọn àpọ́n. Nígbà tí live dé, Li Jiaqi tó ti jẹ́ ọmọ sọ́ọ̀bù ń fi lipstick kun ètè ara ẹ̀ níwájú kámẹ́rà, ó ń nù ún, ó ń kun òmíì, àwọn obìnrin ń rà á bí ẹni ra omi. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2021, ọjọ́ 22 kí 11.11 tó pé o, àwọn èèyàn ti yan ọjà tó lé ní bílíọ̀nù 10 yuan nínú live ẹ̀ ẹyọ kan. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ọjọ́ ọjà ò tíì dé, ọjà ti tán. Viya, ẹnìkejì ẹ̀, wọ gàù lóṣù Disẹ́ńbà ọdún yẹn, ìjọba ní kó san bílíọ̀nù 1.34 yuan torí owó orí, ojú ìwé ẹ̀ sì pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ti fi gbogbo ètò ọdún tó ń bọ̀ lé e lórí ńkọ́?

Nílé wa, 2012 ni Jumia àti Konga dáyé l'Ékòó, àwọn ló sì gbé Black Friday wọ ìgboro. Konga sọ tiẹ̀ ní Yakata, orúkọ yẹn wù mí ju Black Friday lọ, torí gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ bí nǹkan ṣe ń ṣubú yakata. Àwọn kan nínú àwa tá à ń kí Jímọ̀ náà kùn pé báwo ni ọjọ́ Jímọ̀ ṣe wá di dúdú, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló mú kí Souq, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá, bẹ̀rẹ̀ sí í pe tiwọn ní White Friday ní 2014.

Àwọn tó ń pariwo lórí Twitter la kọ́kọ́ ń yá lẹ́nu, lẹ́yìn náà làwọn aláwàdà, Mr Macaroni, Taaooma, Broda Shaggi, gba ìgboro. Ẹ̀ ń wo ìyá tó ń lé ọmọ kiri pálọ̀ pẹ̀lú orógùn, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ tó mọ̀ wọ́n ti dárúkọ ápù tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́. Ìjọba wá ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022, Kérésì wà láàárín ẹ̀, ẹni tó gbójú lé Twitter nìkan gbààwẹ̀. Ọ̀pọ̀ sá lọ sọ́dọ̀ àwọn WhatsApp TV, ìyẹn àwọn ọmọ tó ní nọ́ńbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lórí fóònù tí wọ́n ń fi ọjà olọ́jà sí status. Òfin ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, tún dé ní 2022 pé kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, ọjọ́ ìmúra tún gùn sí i.

Àǹtí mi tó ń rán aṣọ ọmọdé n'Íbàdàn ò mọ gbogbo ìtàn yìí nígbà tí wọ́n san owó fún ọmọ kan tó ń ṣe àwàdà. Àdéhùn wọn ni "kó tó di Kérésì". Ọmọ yẹn mú àdéhùn ṣẹ lóòótọ́, aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 23 ló gbé fídíò síta. Kílẹ̀ tó mọ́, fóònù àǹtí mi ò dákẹ́, aṣọ wà ńlẹ̀ bẹẹrẹ, dispatch rider kan ṣoṣo tó gbé fóònù sọ pé òun ti wà lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, òun ń lọ bá ìyá òun ṣọdún. Àwọn tó ti sanwó wá ń pe wọ́n ní olè. Àǹtí mi wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Mi ò lè fèsì.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo dé sọ́ọ̀bù wọn lóṣù kẹjọ, mo rí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wọn lára ògiri, wọ́n ti fi báírò pupa yí ọjọ́ mẹ́ta po: aṣọ gbọ́dọ̀ tán lọ́jọ́ kìíní Nófẹ́ńbà, fídíò jáde lọ́jọ́ 15, a ò gba owó ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 18 Disẹ́ńbà. Lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ńbà dispatch rider mẹ́rin sí, wọ́n sì fi orúkọ ìlú tí ìyá kálukú wọn ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.