Inúnibíni nítorí jíjẹ́ obìnrin gẹ́gẹ́ bí ìdí ààbò asásàálà

Inúnibíni nítorí jíjẹ́ obìnrin ni ìyà ńlá tó ń bá obìnrin torí pé ó jẹ́ obìnrin, tàbí torí pé ó kọ ohun tí àṣà ní kí obìnrin ṣe. Àdéhùn Àgbáyé lórí Asásàálà ti 1951 ka ìdí márùn-ún tí ènìyàn fi lè rí ààbò gbà: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èrò òṣèlú, àti wíwà nínú ẹgbẹ́ kan pàtó láwùjọ. Kò dárúkọ obìnrin.

Ìdí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ń dì mú. Kánádà gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀ ní 1993. Ní 1996, Amẹ́ríkà gba ọmọbìnrin Tógò kan tó sá fún ìdábẹ́. Ìdájọ́ tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ jù ni ti House of Lords, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní 1999, lórí obìnrin Pakistan méjì tí ọkọ wọn lé jáde nílé. Ilé-ẹjọ́ náà ní ìyà ọwọ́ ọkọ nìkan kò tó. Ohun tó sọ ọ́ di inúnibíni ni pé ìjọba kò ní gbèjà wọn, torí obìnrin ni wọ́n. Ní oṣù kìíní 2024, ilé-ẹjọ́ àgbà Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní gbogbo obìnrin orílẹ̀-èdè kan lè jẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìdábẹ́ àti ṣíṣú opó wà lára ohun tó lè lé obìnrin kúrò nílé níbí. Ti Orò ta kókó díẹ̀. Lálẹ́ ìséde, bí igbe Orò bá ti dún, obìnrin á ti ilẹ̀kùn, á ti fèrèsé. Wọ́n ní bóbìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e. Ní oṣù keje 1999, ikú obìnrin Hausa kan tí wọ́n ní ó jáde lálẹ́ Orò ní Ṣágámù dá ìjà ìgboro sílẹ̀, ìgbẹ̀san sì dé Kánò. Ó ṣeé ṣe kí sísémọ́lé fún alẹ́ kan má tó inúnibíni. Ikú tó wà lórí ẹni tó bá jáde ni kókó ọ̀rọ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ka ìdábẹ́ àti fífìyà jẹ opó léèwọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó máa ń le jù tí àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ààbò lókè òkun ń bi obìnrin ibí ni: «Kí ló dé tí ẹ kò kó lọ sí Èkó?» Opó Ìjẹ̀bú-Igbó tí àbúrò ọkọ fẹ́ ṣú ní láti ṣàlàyé ẹni tí yóò gbà á sílé níbẹ̀, ohun tí yóò máa jẹ, àti bóyá ẹbí ọkọ lè wá a kàn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú pọ̀ ní Èkó; ọjà kan ṣoṣo tó bá ná lè tú àṣírí ibi tó sá sí.