Èbù àti Iṣu Jíjẹ: Ìdí Tí Paramecium Fi Ní Nucleus Méjì

Ẹni tó bá ṣe Báyọ́lọ́jì nílé-ìwé girama á rántí Paramecium, ẹ̀dá inú omi tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. A ó yà á bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, a ó fi irun wẹ́wẹ́ yí i ká, a ó wá fa ìlà méjì jáde láti inú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, a kọ "meganucleus". Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, "micronucleus". Mo yà á, mo gba máàkì mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa ìdí tó fi jẹ́ méjì, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara àwa tí à ń yà á. Ó ṣì ń dùn mí, torí ibẹ̀ gan-an ni adùn ọ̀rọ̀ náà wà.

Bí kóró ṣe wà nínú èso ni nucleus ṣe wà nínú sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà kóró ni n óò máa pè é níbí. Inú kóró ni DNA wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó mọ purotéènì tó yẹ kó ṣe. Àkọsílẹ̀ kan náà ló máa fi lé ọmọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ méjì nìyẹn: kíkà fún oúnjẹ òòjọ́, àti pípa mọ́ fún ìran tó ń bọ̀.

Paramecium, Tetrahymena, Stentor àti àwọn ẹbí wọn, tí wọ́n ń pè ní ciliate nítorí irun tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́, pín iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Kóró ńlá ń ṣiṣẹ́ òòjọ́. Kóró kékeré dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá pa Paramecium caudatum láró, tí o gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, kóró ńlá á hàn bí ẹ̀wà ńlá kan, kékeré á sì sá pamọ́ síbi tí ẹ̀wà náà ti kọdọ́rọ́.

Ẹni tó bá ti gbé lóko ni èyí máa tètè yé. Bí iṣu bá jáde, àgbẹ̀ kì í jẹ ẹ́ tán, á ya èbù sọ́tọ̀. Iṣu jíjẹ, a lè sè é, a lè gún un, a lè gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbé ọ̀bẹ sún mọ́ èbù, ìyá rẹ̀ á pariwo. Kóró kékeré ni èbù, kóró ńlá ni iṣu jíjẹ, wọ́n sì ti gé e lóòótọ́.

Ẹ wo Tetrahymena thermophila. Nínú kóró kékeré rẹ̀, oríṣi kromosómù (okùn tí DNA wé mọ́) 5 ló wà, méjì-méjì. Bó bá fẹ́ ṣe kóró ńlá, á gé wọn sí oríṣi bíi 180, á yọ bí ìdá kan nínú mẹ́ta DNA náà dànù, á wá ṣe ẹ̀dà bíi 45 fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èyí tó kù. Sẹ́ẹ̀lì irú èyí tóbi, ẹ̀dà kan tàbí méjì kò lè bọ́ ọ. Stentor coeruleus míì tiẹ̀ gùn tó mìlímítà kan sí méjì, kóró ńlá rẹ̀ sì rí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sójú okùn.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín, kóró kékeré máa ń pín ẹrù rẹ̀ lọ́gbọọgba, kò gbọ́dọ̀ ṣìṣe. Ti kóró ńlá kò rí bẹ́ẹ̀: á kàn fà gùn, á já sí méjì. Ọmọ kan lè gba ẹ̀dà jíìnì kan, ìyẹn abala àkọsílẹ̀ kan, ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà pọ̀ débi pé ebi kì í pa ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí Tetrahymena méjì bá pàdé ló máa ń wú mi lórí jù. Ebi ló ń sún wọn débẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ àti abo. Oríṣi 7 ni wọ́n, ẹni tí kì í ṣe oríṣi tìrẹ lo lè bá so pọ̀. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, ìkọ̀ọ̀kan á fi ìdajì àkọsílẹ̀ kóró kékeré rẹ̀ ránṣẹ́ sí èkejì, ìdajì méjèèjì á wá di kóró tuntun. Láti ara èyí ni kékeré tuntun àti ńlá tuntun ti ń jáde. Kóró ńlá àtijọ́, tó ti ń bọ́ ilé látẹ̀yìnwá, á súnkì, sẹ́ẹ̀lì á sì jẹ ẹ́. Nínú ciliate míì tó ń jẹ́ Oxytricha, àwọn àfọ́kù jíìnì kì í tò tẹ̀léra nínú kóró kékeré; kí kóró ńlá àtijọ́ tó lọ, ó máa ń fi RNA, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n kọ láti ara DNA, sílẹ̀ tó ń tọ́ tuntun sọ́nà bó ṣe máa tò wọ́n.

Àwọn Tetrahymena kan wà nínú omi tí kò ní kóró kékeré rárá. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń pín, ṣùgbọ́n wọn kò ní ohun tí wọ́n máa fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ti jẹ èbù. Ẹ má sì jẹ́ kí iye kóró nìkan tàn yín: Giardia tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru náà ní méjì, tí wọ́n rí bí ojú méjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe.

Gbogbo gígé yìí ló ṣe ìmọ̀ ìṣègùn láǹfààní. Etí aṣọ tí wọn kò bá ṣẹ́ á máa tú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìpẹ̀kun kromosómù. Ìpẹ̀kun 92 ló wà nínú kromosómù 46 tiwa. Ti kóró ńlá Tetrahymena lé ní 20,000. Ibi tó ti pọ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Elizabeth Blackburn àti Joseph Gall lọ wá a sí: ní 1978, wọ́n kéde pé lẹ́tà DNA mẹ́fà, TTGGGG, ló ń tún ara rẹ̀ kọ níbẹ̀, léraléra. Lọ́jọ́ Kérésì 1984, Carol Greider, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Blackburn ní Berkeley, rí àmì àkọ́kọ́ enzyme (purotéènì òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì) tó ń ṣẹ́ etí aṣọ náà, èyí tí wọ́n wá ń pè ní telomerase. Inú àwọn Tetrahymena tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀ ni wọ́n ti fún un jáde, ní àkókò tí kóró ńlá tuntun ń gé kromosómù rẹ̀ lọ́wọ́. Blackburn, Greider àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì míì, Jack Szostak, jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009.