Ìkànnì ìròyìn Lárúbáwá kì í ṣe ilé wáàsí: ọ̀rọ̀ Al Jazeera

Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹnì kan ń tẹ rìmóòtù kiri, ó bọ́ sórí Al Jazeera ti Lárúbáwá. Bàbá kan tó jókòó síkọ̀rọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ojú, ó ní, "Àmín." Ọmọkùnrin tí wọ́n ń gẹrun fún ní kí wọ́n tètè yí i kúrò, pé ìkànnì àwọn tó ń bẹ́ni lórí ni. Ìròyìn owó epo rọ̀bì sì ni wọ́n ń kà!

Mi ò bá bàbá yẹn wí. Ilé kéwú ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ Lárúbáwá, a wá gbà pé èdè àdúrà nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni wọ́n fi ń ná ẹja lọ́jà Kairo, òun ni wọ́n fi ń bú awakọ̀ níbẹ̀, òun náà sì ni Kristẹni ilẹ̀ Lẹ́bánónì fi ń ké pe Ọlọ́run.

Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1996 ni Al Jazeera bẹ̀rẹ̀ ní Doha, lórílẹ̀-èdè Qatar, owó Ẹ́mírì Hamad bin Khalifa ni wọ́n sì fi dá a sílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni tẹlifíṣọ̀n Lárúbáwá ti BBC wó lulẹ̀, torí ilé iṣẹ́ Saudi tó ń náwó sí i bínú sí ètò kan tí wọ́n ṣe nípa Saudi. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó pàdánù iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ló gba Doha lọ. Oníròyìn ni wọ́n, wọn kì í ṣe àfáà. Wọ́n ń gbé àwọn ará Ísírẹ́lì sórí afẹ́fẹ́, ohun tí ojú Lárúbáwá kò rí rí lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Faisal al-Qassem, ọmọ Síríà tó jẹ́ olóòtú ètò àríyànjiyàn níbẹ̀, a gbé ọ̀tá méjì kojú ara wọn, wọn a sì máa pariwo mọ́ra. Àfáà àgbà Yusuf al-Qaradawi ti ní ètò ẹ̀sìn tirẹ̀ níbẹ̀ rí lóòótọ́, àmọ́ ètò kan péré ni láàárín ọ̀pọ̀. Kódà, ọdún 2003 ni Khadija Benguenna tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹni àkọ́kọ́ tó wé híjáàbù ka ìròyìn níbẹ̀. Shireen Abu Akleh, oníròyìn wọn tí ìbọn pa ní Jenin nílẹ̀ Palẹsítínì lóṣù Karùn-ún ọdún 2022 níbi tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, Kristẹni ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ.

Ti bíbẹ́ orí wá ńkọ́? Lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà, fídíò Osama bin Laden, olórí àwọn agbésùnmọ̀mí Al-Qaeda, ń dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì ń gbé apá kan rẹ̀ jáde. Nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí wá ń bẹ́ orí àwọn tí wọ́n jí gbé ní Iraq lọ́dún 2004, íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé fídíò rẹ̀ sí. Àwọn èèyàn ló lọ́ méjèèjì mọ́ra. Al Jazeera ṣàfihàn àwọn tí wọ́n jí gbé níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ (ìyẹn gan-an ò dáa lójú tèmi), ṣùgbọ́n kò fi bíbẹ́ orí ẹnikẹ́ni hàn.

Ẹ wo àwọn tó tiẹ̀ ń lé e kiri. Lọ́dún 2017, Saudi, Bahrain, Íjíbítì àti Imaráàtì ti ẹnubodè mọ́ Qatar, wọ́n ka ohun mẹ́tàlá tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n ti Al Jazeera pa. Ìjọba Mùsùlùmí ni gbogbo wọn.

Kò wá túmọ̀ sí pé ìkànnì yìí kì í gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ó ń gbè, àmọ́ ẹ má wá ìdí rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà. Lọ́dún 2011 tí àwọn ará Íjíbítì ń lé Mubarak, ààrẹ wọn, tọ̀sán-tòru ni kámẹ́rà Al Jazeera wà ní gbàgede Tahrir ní Kairo. Oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà, àwọn ará Bahrain bọ́ sígboro, ìkànnì Lárúbáwá náà sì rọra ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Aládùúgbò Qatar ni Bahrain, ọba ló sì ń ṣàkóso méjèèjì.