Ṣé Màlúù Ló Sọ Àgbẹ̀ Íńdíà Di Òtòṣì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwa tí a ń wo fíìmù Íńdíà: pé àwọn àgbẹ̀ abúlé ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè náà ń bọ màlúù, pé màlúù ọ̀hún kò wúlò fún wọn ju kí wọ́n máa forí balẹ̀ fún un lọ, àti pé ìdí nìyẹn tí òṣì fi ń ta wọ́n nígbà tí ẹran ń rìn kiri níwájú wọn. Ẹni tí ń sọ ọ́ kì í ṣiyèméjì rárá, ohun tí ó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Pé màlúù wúlò kò yẹ kí ó gba àkókò wa. Wọ́n ń fún wàrà rẹ̀, akọ rẹ̀ ni ó ń túlẹ̀ kí katakata tó dé, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ń sá gbẹ, tí wọ́n fi ń dáná. Ní Punjab, Haryana àti ìwọ̀-oòrùn Uttar Pradesh, tí wọ́n jẹ́ ìpínlẹ̀ ní ìhà àríwá náà, ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn nílé ni ọ̀pọ̀ ìdílé tilẹ̀ gbójú lé jù fún wàrà, nítorí pé ọ̀rá inú wàrà ẹfọ̀n tó nǹkan bí ìdá 7 nínú 100, ti màlúù sì sún mọ́ 4, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ni àwọn tí ń rà á fi ń díye lé e. Òfin tí ó dáàbò bo màlúù kò kan ẹfọ̀n. Wọ́n ń pa á, wọ́n sì ń kó ẹran rẹ̀ lọ tà lókè òkun.

Ìbéèrè tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń fi àgbẹ̀ wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà ni pé, akọ ọmọ màlúù ńkọ́? Màlúù kì í ní wàrà láìbímọ, nǹkan bí ìdajì ọmọ tí ó ń bí ni ó sì jẹ́ akọ. Nígbà tí katakata kò tíì gbòde, iṣẹ́ wà fún akọ. Èyí tí ó bá darúgbó, àti abo tí wàrà rẹ̀ ti gbẹ, oníṣòwò ẹran a wá rà wọ́n, àgbẹ̀ kò sì ní béèrè ibi tí ó ń kó wọn lọ. Owó náà ni ó fi ń kún ti màlúù mìíràn. Láti 1955 ni Uttar Pradesh ti ní òfin tí ó de pípa màlúù, ṣùgbọ́n láti 2017 ni ìjọba ibẹ̀ ti wá ń fi ọwọ́ líle mú un, nígbà tí ó sì di 2020, wọ́n sọ ìjìyà rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 10. Àwọn tí ń pe ara wọn ní ẹ̀ṣọ́ màlúù ń dá ọkọ̀ oníṣòwò dúró lójú ọ̀nà, wọ́n sì ti lu àwọn kan pa. Ta ni yóò tún wá ra ẹran?

Nítorí náà, àgbẹ̀ a tú èyí tí kò lè bọ́ mọ́ sílẹ̀ lóru, a lé e lọ sí abúlé kejì, àwọn ara ibẹ̀ náà a sì lé tiwọn bọ̀. Àlìkámà àti ìrèké ni àwọn ẹran náà ń jẹ. Àwọn àgbẹ̀ ń sun orí pẹpẹ igi nínú oko nígbà òtútù láti ṣọ́ ọ, wọ́n ń na wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, nígbà tí ó sì sú àwọn ará agbègbè Aligarh ní Uttar Pradesh ní òpin 2018, wọ́n da màlúù tí kò ní ẹni tó ni wọ́n sínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìjọba ní òun yóò máa san rúpìì 30, owó Íńdíà, lójúmọ́ fún ẹni tí ó bá gba ọ̀kan sìn. Nígbà tí ó yá, ó sọ ọ́ di 50. Ẹni tí ó bá mọ bí màlúù ti ń jẹun tó kò ní jó sí ìlù yìí.

N kò sọ pé ìgbàgbọ́ kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ṣì ń fún màlúù ní búrẹ́dì pẹlẹbẹ àkọ́kọ́ tí ó bá yan, ẹ̀sìn àti ìṣèlú sì ni wọ́n jọ bí òfin ọ̀hún. Bóyá ohun tí a lè sọ láìṣàsọdùn ni pé títì tí wọ́n ti ọjà ẹran arúgbó ni ó ń dun àgbẹ̀ ibẹ̀ ju ìfẹ́ màlúù lọ, èyí náà sì jẹ́ ọ̀kan péré lára ìṣòro rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ kékeré àti gbèsè wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún fídíò màlúù tí ń jẹ pàǹtírí ní ìgboro Delhi tí wọ́n ń pín kiri. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ẹni tó ni wọ́n, tí ó ń fún wàrà wọn láàárọ̀, tí ó wá tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n lọ wá oúnjẹ ọ̀fẹ́ jẹ títí di ìrọ̀lẹ́.