Ìgbọ́kọ̀sí ní àárín ìlú Ìbàdàn

Ìgbọ́kọ̀sí ní àárín ìlú Ìbàdàn jẹ́ ọ̀rọ̀ àyè tí à ń gbé ọkọ̀ sí, bí a ṣe ń pín àyè náà, àti ẹni tó ní àṣẹ lórí rẹ̀, ní àwọn àdúgbò tí òwò ti pọ̀ jù lọ nílùú náà, pàápàá Dùgbẹ̀, Gbági àtijọ́, Ògùnpa, Mọ́kọ́lá, Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ. Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará ìlú ni pé àyè kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ìwé àti bírò, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì kan ní Dùgbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, yóò rí i pé àyè wà. Àwọn ọkọ̀ kan ló ti jókòó lé e láti òwúrọ̀ tí wọn kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí ìjọba tó kọ́ ilé ìgbọ́kọ̀sí, kí wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ, kíkà ló yẹ kó ṣáájú.

Bí ìlú náà ṣe rí

Kì í ṣe tìtorí mọ́tò ni wọ́n ṣe tẹ Ìbàdàn dó. Ibùdó ọmọ ogun ni ní nǹkan bí ọdún 1829. Àwọn jagunjagun àti ará ilé wọn kọ́ agbo ilé yí òkè Màpó ká, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ló sì so agbo ilé kan mọ́ èkejì. Títí di òní, ọ̀pọ̀ agbo ilé wà ní Ọjà'ba àti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú tí mọ́tò kò lè dé ẹnu ọ̀nà wọn, tí onílé yóò gbé tirẹ̀ sí etí títì, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901 ló gbé òwò ńlá lọ sí apá Dùgbẹ̀ àti Gbági, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ilé ìtajà àti báńkì sí. Nígbà tí wọ́n parí Ilé Kòkó alájà 26 lọ́dún 1965, ọkọ̀ kò tíì di ohun tí òṣìṣẹ́ púpọ̀ ń rà. Àwọn oníṣòwò aṣọ ti kó kúrò ní Gbági lọ sí Gbági Tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́, ọjà tí wọ́n fi orúkọ Bọ́lá Ìgè pè, síbẹ̀ èrò Dùgbẹ̀ kò dín, nítorí pé báńkì, ọ́fíìsì àti ilé ìtajà ńlá ṣì wà níbẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ lójoojúmọ́, kí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, a ó ti rí táyà àtijọ́, bẹ́ǹṣì onígi tàbí òkúta méjì tí wọ́n fi gba àyè sílẹ̀ níwájú ìsọ̀. Olówó ṣọ́ọ̀bù yóò dé, ọmọ iṣẹ́ yóò gbé táyà náà kúrò, ọkọ̀ ọ̀gá yóò sì wọ ibẹ̀. Bí oníbàárà bá dé láago mẹ́wàá, yóò yípo lẹ́ẹ̀kan, yóò yípo lẹ́ẹ̀kejì, títí ọmọkùnrin kan yóò fi jáde láàárín èrò, tí yóò na ọwọ́ sókè: “Máa bọ̀, máa bọ̀, gé e sọ́tùn-ún, ó tó!” Owó tí wọ́n bá fún un kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì dé àpò ìlú. Iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ asán o. Òun gan-an ló mọ ọkọ̀ tó fẹ́ kúrò àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ètò tó bá fẹ́ gbéṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ yóò jàǹfààní bó bá gba irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́, tó fún wọn ní aṣọ iṣẹ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì, dípò kó máa lé wọn kiri.

Ẹni tí òfin fún ní àṣẹ

Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka dídá gáréèjì ọkọ̀ sílẹ̀ àti àbójútó rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ọdún 1998 tó to owó orí àti àwọn owó mìíràn tí ìpele ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lẹ́sẹẹsẹ náà fi owó gáréèjì àti owó ìtanràn ìgbọ́kọ̀sí tí kò tọ́ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Níwọ̀n bí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ti pín ìgboro Ìbàdàn láàárín ara wọn, ó rọrùn kí òpópónà kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀kan kó sì parí lábẹ́ òmíràn. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní tirẹ̀: àjọ rẹ̀ tí à ń pè ní OYRTMA ń darí ìrìnnà ọkọ̀ lójú títì, ìjọba ìpínlẹ̀ sì gbé ètò ìṣàkóso gáréèjì kalẹ̀ lẹ́yìn tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé fòfin de ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 2019. Bí àwọn ìjọba wọ̀nyí kò bá jókòó pọ̀ kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹni tí yóò já tíkẹ́ẹ̀tì, awakọ̀ kan náà lè san owó lẹ́ẹ̀mejì lórí ìrìn àjò kan ṣoṣo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abùjá ṣe pàtàkì lórí èyí. Ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ètò gbígba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá gbé ọkọ̀ sí etí títì, ṣùgbọ́n lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ gíga kan dá ètò náà dúró nítorí pé kò sí òfin tó gbè é lẹ́sẹ̀.

Kíkà ọkọ̀ àti àyè

Wíwọn àyè ló máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ tó dúró ní gígùn sí etí títì ń fẹ́ nǹkan bí mítà mẹ́fà, kó lè rí àyè wọlé kó sì rí àyè jáde. Nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí, àyè tí a kun ní ilà fún ọkọ̀ kan máa ń tó mítà méjì ààbọ̀ ní fífẹ̀ àti mítà márùn-ún ní gígùn, ṣùgbọ́n bí a bá ro ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà wọlé mọ́ ọn, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gba mítà 25 sí 30 níbùú lóròó. Ẹnu ọ̀nà ọgbà, oríta, afárá gọ́tà àti iwájú ilé ìwòsàn ni a óò yọ kúrò kí a tó ka iye ọkọ̀ tó lè dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a óò ka àwọn ọkọ̀. Ẹni tó ń kà yóò máa rìn ní òpópónà kan náà ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n-ọgbọ̀n, yóò sì máa kọ ìparí nọ́ńbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tó wà. Nọ́ńbà ọkọ̀ Nàìjíríà lóde òní jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, òǹkà mẹ́ta àti lẹ́tà méjì. Òǹkà mẹ́ta àti lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn ti tó fún iṣẹ́ yìí, kò sí ìdí láti mọ ẹni tó ni ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ìwé náà yóò fi iye àyè tó kún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan hàn, yóò fi bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó hàn, yóò sì fi iye ọkọ̀ tó lo àyè kan láàárín ọjọ́ hàn. Ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ní àjọ̀dún nínú ló yẹ fún kíkà àkọ́kọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ní àyíká mọ́ṣáláṣí ńlá Ọjà'ba, àti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá tàbí Kérésìmesì, kíkà tiwọn lọ́tọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní òpópónà kan gùn ní mítà 120, tí ẹnu ọ̀nà àti afárá gọ́tà sì gba 30 nínú rẹ̀. Mítà 90 tó ṣẹ́kù yóò gba ọkọ̀ 15. Bí mẹ́sàn-án nínú àyè wọ̀nyí bá wà lọ́wọ́ àwọn onísọ̀ àti òṣìṣẹ́ wọn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ mẹ́sàn-án péré ni àwọn àyè náà gbà lọ́jọ́ yẹn. Àyè mẹ́fà tó kù ni gbogbo oníbàárà yóò máa dù: bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú 40, ọkọ̀ 90 ló lè rí ibẹ̀ lò. Ká ní àwọn mẹ́sàn-án náà gbé ọkọ̀ wọn sí ibi tó jìnnà díẹ̀, ọkọ̀ 135 mìíràn lè lo ẹ̀gbẹ́ títì kan náà, láìda kọnkéré kankan. Àwọn onísọ̀ gan-an ló ń sọ pé ọjà kò yá, ó sì ṣeé ṣe kí ọkọ̀ tiwọn wà lára ohun tó ń dí oníbàárà lọ́nà.

Owó àti àkókò

Oklahoma City ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ri ẹ̀rọ agbowó ìgbọ́kọ̀sí mọ́lẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1935, èrò Carl Magee, oníwèé ìròyìn. Donald Shoup, ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Los Angeles tó sì kú lọ́dún 2025, dá a lábàá pé kí owó jẹ́ iye tí yóò jẹ́ kí nǹkan bí àyè 85 nínú ọgọ́rùn-ún kún, kí ẹni tó bá dé lè rí ọ̀kan tàbí méjì tó ṣófo ní òpópónà kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2011, San Francisco bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń gbé owó náà sókè níbi tí àyè bá ti kún jù, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tó bá ṣófo.

Ní Old Pasadena, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, àwọn onísọ̀ kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé oníbàárà yóò sá. Ìgbà tí ìjọba ìlú ṣèlérí pé àdúgbò náà ni wọn yóò ti ná owó tó bá wọlé níbẹ̀ ni wọ́n tó gbà, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1993. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣe kókó fún Dùgbẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ, nítorí POS àti fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo onísọ̀. Bí ẹni tó san owó bá rí i pé wọ́n fi bo gọ́tà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi tan iná títì, kò ní ṣòro fún un láti san ti ọ̀la.

Àwọn mìíràn tó ń lo etí títì

Táásì Míkírà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà kì í gbé ọkọ̀ sílẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n nílò ibi tí èrò yóò ti wọ̀ tí yóò sì ti sọ̀. Bí wọn kò bá rí i, àárín títì ni wọn yóò ti dúró, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á sì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù lè já ẹrù kí aago méje àárọ̀ tó lù. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ní kí a ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn aláìlera ní ibùdó ìgbọ́kọ̀sí gbogbogbòò, kí a sì fi àmì sí i.

Gọ́tà náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn àkúnya odò Ògùnpa tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn tún máa gbé ọkọ̀ lé ẹnu gọ́tà tí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí yóò fi kọjá láì lè ṣí i. Ibi tí ilà ìgbọ́kọ̀sí bá dé ẹnu gọ́tà, ilà náà gbọ́dọ̀ já níbẹ̀, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ lódì kejì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí a bá kun ilà, ẹni tó kọ́kọ́ kà á yóò padà sí òpópónà kan náà ní irú ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́, yóò sì tún un kà.